Bí Àwẹ̀ró Ṣe Fi Àjẹ̀ Sílẹ̀ fún Òbúkọ

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ohùn yín tínrín bí ohùn ẹ̀fọn. Ṣé ẹ ò tíì jẹun ni? Ààlọ́ o!

Ààlọ̀ ooo!

Ẹ̀n-ẹ́n, ó tó bẹ́ẹ̀. Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó gba ẹ̀yìnkùlé kọjá, ó gba oko ẹ̀gẹ́ kọjá, ó lọ já sínú ọkọ̀ ojú omi. Orí Àwẹ̀ró ọmọ Ṣówándé ló dá lé, òun àti Òbúkọ onírùngbọ̀n.

Ní ìgbà kan rí, ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní Etídò. Nígbà náà, ènìyàn àti ẹranko jọ ń gbé pọ̀ ni. Wọ́n jọ ń ṣe ìpàdé, wọ́n jọ ń jà, wọ́n sì jọ ń parí ìjà. Odò ńlá kan wà lẹ́sẹ̀ ìlú náà. Ilé wà ní apá ìhín, oko àti ọjà wà ní apá ọ̀hún. Afárá kò sí. Ẹni tí kò bá wọ ọkọ̀ kò ní jẹun.

Ṣówándé ni atukọ̀ wọn. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Àwẹ̀ró ni. Àwẹ̀ró kò tíì mọ̀ ọ́n rìn dáadáa tí bàbá rẹ̀ ti ń gbé e sínú ọkọ̀. Kí ó tó gbọ́njú tán, ó ti ń di àjẹ̀ mú.

"Ìyá Àgbà, kí ni àjẹ̀?"

Pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wa omi kí ọkọ̀ lè lọ. Má dá mi lẹ́nu mọ́, Ìbídàpọ̀.

Kò pẹ́, ojú Ṣówándé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Lọ́dún kan, kò rí òkèèrè mọ́. Lọ́dún kejì, kò rí ìtòsí mọ́. Ó wá di pé ọmọ ló ń wa ọkọ̀ lẹ́yìn, bàbá ló ń jókòó síwájú pẹ̀lú fìlà rẹ̀, tó ń kí èrò. "Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ rọra wọlé o. Há, ọkùnrin yìí, o mà ti sanra!" Nígbà míì, òpó tó wà ní èbúté ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Afọ́jú kọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ rín. Ẹni tí ẹ ó rín ń bọ̀.

Ọdún mẹ́wàá gbáko ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìlú ń sọ pé, "Ṣówándé mà mọ odò o!" Kò sẹ́ni tó wo ẹ̀yìn ọkọ̀ níbi tí Àwẹ̀ró ti ń làágùn. Èyí tó burú jù ni pé Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ kò wo ibẹ̀. Òun náà gbà pé bàbá òun ló ń wa ọkọ̀. Bí Bàbá kò bá sí níwájú, ọkọ̀ yóò dojú dé. Bó ṣe rò ó nínú ara rẹ̀ nìyẹn.

Hùn. Ẹni tó ru igi láti oko dé ilé, tó sọ̀ ọ́ tán, tó wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ òṣùká.

Ṣówándé kú. Wọ́n sin ín, wọ́n sunkún, wọ́n jẹ, wọ́n mu. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Baálẹ̀ pe ìlú jọ sí èbúté.

"Ta ni yóò gba àjẹ̀?" Baálẹ̀ béèrè. Ó yíjú sí Àwẹ̀ró. "Ìwọ ọmọ yìí, ìwọ lo máa ń bá bàbá rẹ wọ ọkọ̀."

Àwẹ̀ró fò sẹ́yìn. "Èmi kẹ̀? Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́. Bàbá ló ń wà á. Èmi kàn ń bá wọn mú un dání ni."

"O ò lè gbìyànjú?"

"Ọwọ́ mi kéré. Obìnrin sì ni mí. Bí omi bá kún ńkọ́? Bí ìjì bá dé ńkọ́? Bí èrò bá pọ̀ ńkọ́? Bí èrò kò bá pọ̀ ńkọ́?"

"Bí èrò kò bá pọ̀, kí ló fẹ́ ṣẹlẹ̀?" Pépéyẹ ló béèrè bẹ́ẹ̀. Etí odò ni Pépéyẹ ń gbé. Ẹnu rẹ̀ pẹlẹbẹ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ń ti ibẹ̀ jáde mú ju abẹ lọ.

 Àwẹ̀ró bá fi orin bọnu. Ẹ bá mi gbè é:

Èmi kọ́ o, èmi kọ́ —
Ọwọ́ mi kéré.
Àjẹ̀ wúwo, omi jìn —
Ọwọ́ mi kéré.
Ẹ wá ẹlòmíì lọ o —
Ọwọ́ mi kéré.
Bàbá ló mọ̀ ọ́n, èmi kọ́ —
Ọwọ́ mi kéré.

Orin ọ̀hún kò tíì tán tí ẹnì kan fi húkọ́ lẹ́yìn èrò. Òbúkọ ni. Òbúkọ kò wọ odò rí láyé rẹ̀. Bí ìrì bá sẹ̀ sórí koríko, ẹ̀gbẹ́ ògiri ló ń gbà. Ṣùgbọ́n ó ní irùngbọ̀n.

"Baálẹ̀," ó ní, "kí lẹ rí lágbọ̀n mi yìí?"

"Irùngbọ̀n ni."

"Ṣé ọmọdé ló ń hu irùngbọ̀n?"

"Rárá o!" gbogbo èrò dáhùn.

"Ṣé òmùgọ̀ ló ń hù ú?"

Baálẹ̀ fi ọwọ́ pa àgbọ̀n tirẹ̀, ó bá a tó ń dán bí ẹ̀yìn àwo. Ojú tì í. "Rárá," ó ní.

"Ẹ gbé àjẹ̀ wá nígbà náà."

Wọ́n gbé e fún un. Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá ó mọ̀ ọ́n wà. Kò sẹ́ni tó tilẹ̀ wo pátákò ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá ó lè di nǹkan mú.

Àwẹ̀ró mí kanlẹ̀. Ẹrù ti kúrò lórí rẹ̀. Síbẹ̀, bó ṣe ń lọ sílé, nǹkan kan ń gún un lọ́kàn, bí eegun ẹja tó há sọ́fun.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, èrò mẹ́wàá wọ ọkọ̀. Òbúkọ jókòó, ó kẹ̀yìn sí ibi tí wọ́n ń lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wa omi. Wàá! Wàá! Wàá! Omi ń ta sí èrò lójú. Àwọn ará ìlú dúró létí odò, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń kígbe pé, "Irùngbọ̀n!" Kí ni Òbúkọ ń dáhùn?

"Mẹ̀ẹ̀ẹ̀!"

Irùngbọ̀n!

"Mẹ̀ẹ̀ẹ̀ẹ̀!"

Ó tó. Ẹ mọ̀ ọ́n ju bó ṣe yẹ lọ.

Oòrùn yọ, ó ń gòkè. Èrò kan ní, "Atukọ̀, ilé Ìyá Alákàrà ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa o."

Òbúkọ ní, "Ó fẹ́ràn wa ni. Ó ń sìn wá sọ́nà."

Oòrùn dé àtàrí. "Atukọ̀, ilé yẹn kò tíì padà o."

"Ṣé èmi ni mo ní kó tẹ̀lé wa ni?"

Ẹ̀yin ọmọ, wọn kò tú okùn ọkọ̀! Okùn ṣì wà lórí èèkàn! Òbúkọ, ẹni tó yẹ kó mọ okùn àti èèkàn ju gbogbo ayé lọ!

Àwẹ̀ró wà létí odò. Ó ti rí okùn náà láti òwúrọ̀. "Ẹ tú okùn" ló wà lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé e mì. Ó ní, "Bóyá ọgbọ́n tuntun ni. Ta ni mí tí n ó máa kọ́ onírùngbọ̀n níṣẹ́?" Nígbà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó yọ́ lọ, ó tú okùn náà, ó sì sá bí ẹni tó jalè.

Omi gbé ọkọ̀, ó ń sọ ọ́ kiri, ó lọ forí rẹ̀ sọ igbó nísàlẹ̀ odò, ní apá ibi tí wọ́n ti wá náà. Apẹ̀rẹ̀ iṣu mẹ́ta bọ́ sómi. Àwọn èrò fi ẹsẹ̀ rìn wálé, ẹrẹ̀ mù wọ́n dé orúnkún.

"Òbúkọ, kí ló dé?" Baálẹ̀ béèrè.

"Odò yìí kò gbẹ̀kọ́," Òbúkọ wí. "Mo ní kó gba ọ̀tún, òsì ló gbà. Ṣùgbọ́n mo ti bá a wí."

Àwọn ará Etídò mirí. Wọ́n ní Ṣówándé kò bá odò wí rí. Wọ́n fún Òbúkọ ní fìlà.

"Ìyá Àgbà, ṣé wọn ò lójú ni?"

Wọ́n lójú. Irùngbọ̀n ni wọ́n ń fi wò.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lọ́jọ́ tó bá dáa, wọ́n á dé ọjà ní ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ tí kò bá dáa, wọ́n á gba ilé lọ. Àwẹ̀ró á jókòó létí odò, á máa wò wọ́n. Bí Òbúkọ bá ti ṣi omi wà sọ́tùn-ún, ọwọ́ Àwẹ̀ró á wà á sósì lórí itan rẹ̀. Kò mọ̀ pé òun ń ṣe é.

Pépéyẹ rí i. "Àwẹ̀ró, kí lò ń wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ?"

"Ẹ̀fọn ni mò ń lé."

"Ẹ̀fọn yẹn ti dé ọjà tipẹ́."

Ó wá di ọjọ́ ọjà kan. Òjò ti rọ̀ lókè odò mọ́jú, omi pupa bí epo. Èèyàn márùn-ún péré ló wọ ọkọ̀ Òbúkọ: abiyamọ méjì, bàbá arúgbó kan, ọkùnrin ahunṣọ kan, àti ìyá Àwẹ̀ró, tó ń gbé ẹja gbígbẹ lọ tà. Pépéyẹ náà bá wọn lọ, kó lè rí ohun tí yóò fi rẹ́rìn-ín.

Ní àárín odò náà, òkìtì iyanrìn kan wà. Orí ìyẹn ni ọkọ̀ lọ sọ, gbì!

"A ti dé!" Òbúkọ kígbe. "Ẹ sọ̀ kalẹ̀!"

"Atukọ̀, ọjà dà?" ahunṣọ béèrè.

"Ẹ pẹ́ jù ni. Ọjà ti tú."

Wọ́n bẹ́ sílẹ̀. Ìyá Àwẹ̀ró ní, "Iyanrìn nìyí o! Èbúté kọ́! Ẹ padà wọlé!" Kò sẹ́ni tó gbọ́. Òun náà sọ̀ kalẹ̀ láti fà wọ́n padà. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe kan ilẹ̀ báyìí, ọkọ̀ fúyẹ́, omi gbé e, ó fi í yí òòyì lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gbé ọkọ̀ àti Òbúkọ jù sí èbúté Etídò.

Òbúkọ fò sórí ilẹ̀, ó tún fìlà ṣe. "Mo ti gbé wọn dé," ó ní.

Pépéyẹ ti wẹ̀ dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Dé ibo? Àárín odò ni wọ́n wà! Omi ti dé kókósẹ̀ wọn, ó sì ń pọ̀ sí i!"

Igbe sọ. Baálẹ̀ ní, "Òbúkọ, padà lọ kó wọn!"

Òbúkọ wo omi. Omi náà wò ó. "Ǹ bá lọ," ó ní, "ṣùgbọ́n irùngbọ̀n wa kì í tutù lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Èèwọ̀ ìdílé ni." Kí wọ́n tó ṣẹ́jú, ó ti wà lábẹ́ àká.

Àwọn ọkùnrin Etídò ńkọ́? Ọ̀kan rántí pé òun fi iná sílẹ̀ nínú ààrò. Òmíràn rántí pé ẹsẹ̀ ti ń dun òun láti ọdún tó kọjá.

Pépéyẹ kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó gbé ìdí mìrìngìndìn, ó sá lọ sílé Ṣówándé. Ó bá Àwẹ̀ró lẹ́yìn ìkòkò omi, tó ká gúlútú síbẹ̀, tó fi ọwọ́ di etí.

"Jáde."

"Mo ti gbọ́, Pépéyẹ. Èmi kọ́…"

"Ìyá rẹ wà níbẹ̀."

Àwẹ̀ró bú sẹ́kún. "Ká ní Bàbá wà láyé ni, wọn ì bá ti lọ kó wọn!"

"Bàbá wo? Ṣé bàbá tí wọ́n ń bá òpó sọ̀rọ̀?"

"Má fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́!"

"Mi ò fi wọ́n ṣe é. Ìwọ ni mò ń fi ṣe é. Dá mi lóhùn. Àpáta dúdú tó wà lábẹ́ omi, ta ló ń yà fún un?"

"Bàbá… Èmi. Bàbá ló ní kí n máa yà."

"Ṣé wọ́n ń rí àpáta náà ni?"

Àwẹ̀ró mú ọwọ́ kúrò létí.

"Ọdún tí ìjì ká yín mọ́ ojú omi, kí ni bàbá rẹ sọ?"

"Wọ́n ní… wọ́n ní, 'Àwẹ̀ró, ṣé a ti dé?'"

"Ta ló wá mọ̀ bóyá ẹ ti dé?"

 Àwẹ̀ró wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó le koko bí èèpo igi. Ọwọ́ tó ń kàn mú nǹkan dání kì í le báyẹn.

"Ẹ̀rù ń bà mí, Pépéyẹ."

"Mo mọ̀. Mò ń gbọ́ bí orúnkún rẹ ṣe ń lu ara wọn. Gbé wọn dání ká lọ. Orúnkún kọ́ ni wọ́n fi ń wa ọkọ̀."

Àwẹ̀ró dìde. Ó sá dé èbúté, ó gba àjẹ̀. Àwọn kan ní, "Há, obìnrin! Há, ọwọ́ rẹ̀ kéré!" Òun náà ló kọ́ wọn lórin yẹn, ẹ ò gbàgbé. Kò dá wọn lóhùn. Ó wọ ọkọ̀.

Ìjókòó iwájú ṣófo. Ó wò ó. Ó tú okùn.

Kò dojú kọ òkìtì náà tààrà. Ó kọ́kọ́ fẹ̀gbẹ́ rọ́ etí odò lọ sókè, níbi tí omi ti rọra ń lọ. Àwọn ará ìlú ń kígbe pé, "Ó ń sá lọ! Ó ti ṣìnà!" Nígbà tó kọjá òkìtì náà dáadáa, ó yí orí ọkọ̀, ó jẹ́ kí omi fúnra rẹ̀ máa gbé òun lọ bá wọn.

Ní agbedeméjì, omi dìde, ó gbá ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Omi ya wọlé. Àwẹ̀ró figbe ta: "Bàbá! Mi ò lè ṣe é!"

Kó tó pe gbólóhùn náà tán, ọwọ́ rẹ̀ ti ṣe é. Àjẹ̀ ti rì sómi lápá òsì, ọkọ̀ ti dúró, ó ti tọ́. Àwẹ̀ró wo ọwọ́ náà bí ẹni tó rí àjèjì nínú ilé.

Ó tún rí ibi tí omi ti wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn. Àpáta dúdú nìyẹn. Ó yà fún un. Kò sẹ́ni tó ní kó yà.

Ó dé ọ̀dọ̀ wọn. Omi ti dé itan wọn. Àwọn abiyamọ gbé ọmọ sórí. Bàbá arúgbó di ahunṣọ mú, ahunṣọ di ìyá Àwẹ̀ró mú.

"Irú omi yìí kò ní jẹ́ kí n kó ju mẹ́ta lọ," Àwẹ̀ró wí. "Ìyá mi, ẹ wọlé…"

"Kó àwọn ọlọ́mọ," ìyá rẹ̀ wí. "Kó bàbá yìí. O ó padà wá."

"Bí mi ò bá lè padà wá ńkọ́?"

"Àwẹ̀ró, omi ń kún. Lọ."

Ó lọ. Ó sọ wọ́n sí èbúté, kò dúró gba ìkíni, ó yí orí ọkọ̀ padà. Ẹ̀rù ìgbà kejì yìí wá ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ó ti mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ó ń sunkún, ó ń wa omi. Ó ń wa omi, ó ń sunkún. Nígbà tó débẹ̀, òkìtì kò sí mọ́. Orí méjì ló rí àti ọwọ́ kan tó gbé sókè. Ó fa ahunṣọ wọlé. Omi ti gba ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó ń gbé e lọ. Àwẹ̀ró na àjẹ̀ sí i. Ìyá dì í mú. Ó fà á, ó fà á, ó fi èjìká méjèèjì fà á títí ìyá rẹ̀ fi wọ inú ọkọ̀ bí ẹja.

"Ó yè?"

Ó yè! Ó pọ omi, ó sì kọ́kọ́ béèrè ẹja gbígbẹ rẹ̀.

Wọ́n gúnlẹ̀. Ìlú hó yèè. Àbí ta ni mo rí tó ń ti abẹ́ àká jáde, tó ń gbọn eruku ìdí? Òbúkọ ni!

"Ẹ rí i?" ó ní. "Bí mo ṣe kọ́ ọ gẹ́lẹ́ nìyẹn!"

Ẹ ò ní gbàgbọ́, àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún un.

Baálẹ̀ ní, "Àwẹ̀ró, ọwọ́ bàbá rẹ ló wà lára rẹ."

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. "Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́. Bàbá mi kọ́ mi, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọdún kẹwàá rèé tí ojú wọn ti fọ́. Ọwọ́ tí ẹ ti ń yìn láti ọjọ́ yìí, tèmi ni."

Ìyá rẹ̀ ń fún omi kúrò lára ìró rẹ̀. Ó ní, "Ó pẹ́ kó o tó sọ ọ́."

"Ìyá mi, ẹ mọ̀?"

"Èmi tí mò ń fi àdí pa èjìká rẹ lálaalẹ́? Ìwọ ni mò ń dúró dè." Ó wo odò. "Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró kú."

Ojú ti Àwẹ̀ró ju bó ṣe tì í rí lọ. Láti ọjọ́ náà, òun ni atukọ̀ Etídò. Ẹ̀rù ṣì ń bà á bí omi bá pupa, ó kàn ń wọ ọkọ̀ náà ni. Òbúkọ ńkọ́? Wọ́n ní kó wá jókòó síwájú kó máa kí èrò. Bí omi ṣe ta sí i nímú lẹ́ẹ̀kan báyìí, ó figbe bọnu, ó sá. Títí di òní, bí òjò bá kán wẹ́ẹ́, ẹ ó gbọ́ igbe rẹ̀ lábẹ́ òrùlé bí ẹni tí wọ́n ń nà. Tí òjò bá dá, á jáde, á dúró, á gbé àgbọ̀n sókè, ẹ ó sì rò pé ó ń ronú.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò ṣòro. Ẹni tó mọ iṣẹ́, tó ń dúró de ọjọ́ tí ẹ̀rù yóò tán kó tó ṣe é, onítọ̀hún yóò dúró pẹ́. Bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá sì lọ sá pamọ́, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kì í sá. Yóò gba àjẹ̀, gbogbo wa ni a ó sì jọ mu omi odò.

Ibi tí àlọ́ bá mi dé nìyẹn tí mo fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bí mo bá bù mọ́ ọn, kí eyín mẹ́ta tó kù lẹ́nu mi bọ́ sínú ẹ̀kọ láàárọ̀ ọ̀la. Bí n kò bá sì bù mọ́ ọn, kí wọ́n dúró ṣinṣin kí n fi jẹ egungun Òbúkọ: kà, kà, kà!